Ọkọ di oko lórí báńnà: ẹ gbà mí lọ́wọ́ fọ́ǹtì oníbúrọ́ọ̀ṣì yìí

Àdìjátù_Ṣómólú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

Oníbàárà mi kan fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí 60 ọdún fún ọkọ rẹ̀, ó ní kí n ṣe báńnà ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Kò fẹ́ ariwo lórí rẹ̀: àwòrán bàbá, ọjọ́, ibi àpèjẹ, àti lókè pátápátá, "Ọkọ Mi, Olówó Orí Mi". Ó ní kó dà bíi pé ọwọ́ òun lòun fi kọ ọ́, kó sì hàn gbàǹgbà dé ẹnu géètì. Mo bá wá fọ́ǹtì kan (àwòrán lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó nípọn bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kọ ọ́, tó fì sí ọ̀tún, tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ó wù mí gan-an.

Mo tẹ "Ọkọ". Ọ àkọ́kọ́ jáde, ó nà ṣánṣán, kò jọ búrọ́ọ̀ṣì rárá. K nìkan ló gbọ́ràn. Ọ kejì tún jẹ́ àlejò. Ó wá dà bí aṣọ òfì tí wọ́n fi ańkárá lẹ̀ níbi tó ti ya. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹni tó máa tẹ báńnà náà ń pè mí léraléra pé epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ. Mo bá yọ àmì abẹ́ rẹ̀ kúrò. Mo ní ta ni yóò wò ó.

Ní ọjọ́ àríyá, ẹni tó ń darí ètò gba ohun ìgbóhùnsókè, ó kọjú sí báńnà, ó kà á bí mo ṣe kọ ọ́: "OKO mi, olówó orí mi!" Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ọlọ́jọ́ìbí fúnra rẹ̀ ń bèèrè pé oko wo, ti kòkó ni àbí ti ẹ̀gẹ́? Ìyàwó kò bá mi jà, àmọ́ títí di òní, ìdajì owó mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé irú fọ́ǹtì báyìí tiẹ̀ ṣeé fi kọ Yorùbá? Báwo lẹ̀yin ṣe ń fi àmì sí i tí kò fi ní dà bí àlẹ̀mọ́? Àbí kí n kúkú jáwọ́ níbẹ̀?

Ọmọ_Òkè-Àdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúpẹ́ pé "oko" ló kà. Ká ló gbé ohùn o ìkẹyìn yẹn sókè díẹ̀ ni, ẹ̀yin àti bàbá ì bá jọ máa wá ibi sá sí. 😂😂

Àdìjátù_Ṣómólú

Ọmọ burúkú. Mo ti ronú sí ìyẹn náà lóru ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn mí.

Bàbá_Ọlọ́dà

Àdìjátù, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ràn ẹni tó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìdá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè é ní fọ́ǹtì, àwa ń pè é ní ọwọ́. Tí a bá ń kọjá ní Mùṣín láyé ọjọ́un, tí pátákó kan wù wá, ohun tí a máa ń bi ara wa ni pé "Ọwọ́ ta nìyí?" Ọwọ́ tó nípọn tó sì ń sáré tí o ń sọ yìí, ara ọkọ̀ la ń fi í kọ, àti ògiri onígbàjámọ̀, àti pátákó màmá alámàlà. A kì í gbé e lọ sí pátákó dókítà tàbí ti lọ́yà. Ọwọ́ tó ń pe èèyàn wọlé ni. Dókítà kì í pe èèyàn wọlé.

Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí o mọ̀, torí ibẹ̀ ni àtúnṣe rẹ wà. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ni, irun rẹ̀ á gùn tó oríkèé ìka méjì. O máa rì í bọ ọ̀dà tí o ti pò kó lè ṣàn, o máa wá nù ún síwá sẹ́yìn lórí páálí títí irun rẹ̀ á fi pa ẹnu pọ̀ bí ojú ọ̀bẹ. Tí o bá ń fà á bọ̀ wálẹ̀, o tẹ ọwọ́, ìlà á nípọn. Tí o bá ń gòkè padà, o mú ọwọ́ fúyẹ́, o sì yí igi búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ láàárín ìka, ìlà á tín-ín-rín. Ibi tí irun ti kọ́kọ́ kan pátákó á rí roboto bí orí àtàǹpàkò. Ibi tó ti ń kúrò á ya wẹ́wẹ́, nítorí ọ̀dà ti ń tán lára rẹ̀, pátákó funfun á máa yọjú láàárín. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń mọ ti ẹ̀rọ. Tí mo bá rí a mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya wẹ́wẹ́ bákan náà gẹ́lẹ́, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

Fífì tó fì sí ọ̀tún, kì í ṣe oge. Ìgbọ̀nwọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń sáré kì í fa ìlà gbọnrangandan, àfi tó bá dúró ro ó.

Ní ti àmì abẹ́, a kì í kán tótó, ìyẹn àmì roboto, sí i. Ìlà kékeré la máa ń fà sábẹ́ ọ, bí ẹni gún èèkàn, a sì máa so orí rẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Tótó roboto máa ń kó ọ̀dà jọ, tí oòrùn bá sì ta á, á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni àmì nígbà náà. Ọ̀gá á kọ ọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ̀lé e. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tí mo fi ọkọ̀ akẹ́rù lé lọ́wọ́ kí n lè tètè lọ kí Jímọ̀. "Ẹ̀sọ̀ Layé" ni mo kọ síwájú rẹ̀. Ó gbàgbé àmì, awakọ̀ sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ Ṣaki. Kó tó dé, "Bàbá Eléso" ni wọ́n ń pè é láwọn gáréèjì ojú ọ̀nà. Ó pa dà wá bá mi, mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àwọn oníbàárà ti mọ òun mọ́ ọn.

Kọ́là_Kóòdù

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìyẹn "so orí rẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà" yẹn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ẹ̀gbọ́n Àdìjátù, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ yín nìyí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ọ ń jẹ́ U+1ECC, ọ jẹ́ U+1ECD. Ẹ àti ẹ jẹ́ U+1EB8 àti U+1EB9. Ṣ àti ṣ jẹ́ U+1E62 àti U+1E63. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló máa yan nọ́ńbà tó fẹ́ yàwòrán sí. Tí kò bá sí àwòrán ní nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, kọ̀ǹpútà á lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn tó wà nítòsí. Àlejò tí ẹ rí nìyẹn.

Ọgbọ́n kan wà tí mo máa ń dá. Àwọn ará Fiẹtínámù náà ń kọ ẹ àti ọ pẹ̀lú tótó lábẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì ń lò pẹ̀lú wa. Nítorí náà, fọ́ǹtì tí wọ́n bá sọ pé ó gba èdè Fiẹtínámù, ẹ ti ní Ẹ àti Ọ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Pacifico àti Lobster, tí ẹ̀yin dísáìnà mọ̀ dáadáa, gbà á. Àmọ́ wọn kì í kọ ṣ ní tiwọn, ẹ yẹ ìyẹn wò lọ́tọ̀. Ohun kejì ni pé tótó abẹ́ yẹn, ohùn ló jẹ́ fún wọn. Ẹ tí ó ti ní tótó kò tún ní gba ohùn mìíràn lórí lọ́dọ̀ wọn. Tiwa ń gba méjèèjì: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀. Àwọn yẹn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn nínú Unicode rárá. Lẹ́tà ẹ ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ tó fi àmì ohùn gùn ún, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Tí ayàfọ́ǹtì kò bá fi ibi tí àmì náà máa jókòó sí hàn lórí ẹ, àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gún lẹ́tà lójú.

Ti oníbúrọ́ọ̀ṣì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà rẹ̀ ń di ara wọn mú, òfin wà nínú fọ́ǹtì tó ń sọ pé "tí o bá tẹ̀lé k, nawọ́ báyìí". Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ òfin yẹn fún o, tí wọ́n gbàgbé ọ. Ọ jáde lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ sì bá a mu, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sẹ́nikẹ́ni. Ó kàn dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọn ò pè.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ tẹ "Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́" sínú fọ́ǹtì náà. Ìyẹn ti tó.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Kọ́là, o ṣe é ire. Mo fẹ́ fi kún un pé "Olówó Orí" náà ní àmì tirẹ̀, ti ohùn lókè, kì í ṣe ọkọ nìkan ló ní àmì. Tí a bá ń kọ èdè wa, ká kọ ọ́ pé.  Mo ń kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin, wọ́n ń rí pátákó lójú títì ju ìwé lọ, pátákó ni wọ́n sì ń bá kọ ìdánwò.

Agbófinró_Lẹ́tà

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ báńnà kì í ṣe ìwé kíkà. Tótó abẹ́ ẹ, ọ, ṣ, dandan ni, lẹ́tà mìíràn ni wọ́n jẹ́. Ohùn lókè, kí a fi síbi tí ọ̀rọ̀ ti lè daru. "Mi" kò daru mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Ohun tó ń bí mi nínú kì í tiẹ̀ ṣe àmì. Fọ́ǹtì yìí fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo pọ́sítà ìsọjí, búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ṣàwámà, búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tó burú jù ni ti òkú. Mo rí pọ́sítà òkú àgbà kan lára ògiri àdúgbò wa, ẹni ọdún 94, Pacifico ni wọ́n fi kọ "Ó Dìgbóṣe". Ẹ mọ ohun tí wọ́n wò tí wọ́n fi ya fọ́ǹtì yẹn? Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ti ọdún 1950 sí 1959, tí wọ́n ń gun pátákó lórí ìgbì òkun. Ẹ wá gbé ìyá arúgbó gun orí ìgbì.

Ọmọ_Òkè-Àdó

Ìyá ti rékọjá odò lọ́nà tó yá. 🏄🏾

Agbófinró_Lẹ́tà

Àti gbígbé gbogbo rẹ̀ sí lẹ́tà ńlá! "ỌKỌ MI" nínú lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà ńlá inú irú fọ́ǹtì yìí, ọba ni kálukú wọn, wọ́n yà á kó lè ṣíwájú àwọn kéékèèké. Ọba kì í pé méjì láàfin, ẹ wá kó márùn-ún jókòó sórí ìtẹ́ kan.

Atẹ̀wé_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹnu bọ̀ ọ́, ibi ìwé títẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nílùú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1859.

Agbófinró, ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ti fọ́ǹtì. Wọ́n dá a sílẹ̀ fún ariwo ọjà, ọjà ló sì dúró sí. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Brush Script, tó máa ń bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wá. Robert E. Smith ló yà á fún American Type Founders, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi òjé rọ lẹ́tà fún ìwé títẹ̀, ní 1942. Nígbà yẹn, tí ilé ìpolówó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó dà bí ọwọ́ akọ̀wé pátákó, wọ́n ní láti pe irú Bàbá wa yìí, kí wọ́n sanwó fún un, kí wọ́n sì dúró dè é. Òjé tí wọ́n rọ tán kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà òjé kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró lórí ègé òjé onígun mẹ́rin tirẹ̀. Báwo ni lẹ́tà tó fì ṣe máa di èkejì rẹ̀ mú láti orí ègé kan sí òmíràn? Àfi kí ìrù gbogbo lẹ́tà kéékèèké parí sí etí ègé òjé rẹ̀, ní gíga kan náà, kí orí èyí tó tẹ̀lé e sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí a bá yí i sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n irun kan, ìlà funfun á yọ láàárín. Ohun tí ọwọ́ Bàbá ń ṣe láìronú, ìṣirò ni fún ẹni tó ń rọ òjé.

Ní ilẹ̀ Faransé, Roger Excoffon ya Mistral fún ilé iṣẹ́ tó ń rọ lẹ́tà, Fonderie Olive, ní Marseille, ó jáde ní 1953. Ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló wò yà á. Orúkọ afẹ́fẹ́ líle kan tó máa ń fẹ́ ní gúúsù ilẹ̀ náà ló fún un. Ní 1955 ó mú Choc jáde, dúdú, kítí, bí ẹni tó kó búrọ́ọ̀ṣì bọ inú yíǹkì dé ọrùn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ "nípọn", Choc ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn náà ni ti íntánẹ́ẹ̀tì dé. Pablo Impallari ti Ajẹntínà gbé Lobster jáde ní 2010, Vernon Adams gbé Pacifico jáde ní 2011, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, èèyàn sì lè fi ṣòwò. Ọ̀fẹ́ yẹn ló gbé wọn dé ara ṣàwámà yín.

Àti pé kí ẹ tó sọ ọ́: ti Coca-Cola kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Frank Robinson, akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ náà, ló kọ ọ́ ní bíi 1886, ọwọ́ kálàmù tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà nígbà náà ni. Ẹ wo ibi tí ìlà rẹ̀ ti tín-ín-rín, ẹ óo rí i pé ẹnu kálàmù ló ṣe ìyẹn.

Bàbá_Ọlọ́dà

Atẹ̀wé, ìyẹn ni pé wọ́n ti ń gba iṣẹ́ mi láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

Sítíkà_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Sítíkà ara ọkọ̀ àti ti gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gé níbí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé fọ́ǹtì yìí lọ síbi ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, kó ka èyí.

Lẹ́tà tó di ara wọn mú, lójú yín ló di ara wọn mú. Nínú kọ̀ǹpútà, ìrù k gorí orí ọ, ààlà méjèèjì sì wà níbẹ̀ lódindi. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ni. Á gé k yípo, á gé ọ yípo, ibi tí wọ́n ti pàdé á wá di ègé kékeré bí èékánná, tí yóò bá ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Mo fi orúkọ odindi ilé oúnjẹ kan ṣòfò bẹ́ẹ̀. Nínú CorelDRAW, ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl+Q kí ọ̀rọ̀ di àwòrán, kí ẹ yan gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Weld, tó ń so wọ́n pọ̀. Ìgbà náà ló tó di ara kan.

Ẹ má sì fa àárín lẹ́tà rẹ̀ gbòòrò nítorí kó lè kún báńnà. Ìgbà tí ẹ bá ya wọ́n díẹ̀ báyìí, ọwọ́ ti já. Tí àyè bá ṣẹ́kù, ẹ fi sílẹ̀ kó ṣẹ́kù.

Tótó abẹ́ ni ìyọnu mi. Ó kéré, kò di ohunkóhun mú, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń fọ ọkọ̀, ó ti lọ. Ohun tí Bàbá sọ nípa síso ó mọ́ lẹ́tà, mo gbọ́ ọ, mo sì máa gbìyànjú rẹ̀.

Kọ́là_Kóòdù

Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Àmì Bàbá yẹn, ìlà òòró lábẹ́ lẹ́tà, ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, U+0329. Àwọn ìwé Yorùbá kan ń lò ó dípò tótó. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé àṣìṣe ni.

Àjàṣẹ́_Ilé

Ẹ̀yin ń ráhùn tótó. Ní orílẹ̀-èdè Bɛ̀nɛ̀ níhìn-ín, ɛ dípò ẹ àti ɔ dípò ọ ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìwé kíkọ èdè ìbílẹ̀. Ẹ wá fọ́ǹtì oníbúrọ́ọ̀ṣì tó ní ɔ kí ẹ tó sùn. Mo yí c sẹ́yìn ni. Ọ̀nà tí mo rí nìyẹn. Ó sì dáa, àyàfi pé ibi tó nípọn lára c wá bọ́ sí òdì kejì, ó dà bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Oníbàárà kò rí i. Èmi ń rí i lójoojúmọ́, nítorí ọ̀nà ọjà ni pátákó náà wà.

Àdìjátù_Ṣómólú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ látàárọ̀.

Fọ́ǹtì náà kan náà ni mo padà sí, mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ "Oko Mi" láìsí àmì, mo tẹ Ctrl+Q. Mo wá tẹ ìdánudúró inú fọ́ǹtì yẹn, èyí tó ń parí gbólóhùn, torí pé búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló kán an, kò rí roboto, ó fì díẹ̀ bí ẹ̀wà. Mo dín in kù, mo gbé e sábẹ́ o. Ó bára mu ju tótó tí mo fi ọwọ́ ara mi yà lọ. Àmọ́ ó dà bí ohun tó yọ̀. Mo fi ìlà wọ̀n ọ́n, àárín gẹ́lẹ́ ló wà. Ojú mi ń sọ pé kò sí níbẹ̀.

Kọ́là_Kóòdù

Nítorí pé lẹ́tà fì. Ẹ má wọ̀n ọ́n ní òòró. Ẹ fa ìlà kan gba inú o lọ bó ṣe fì, láti orí dé ìdí, kí ẹ jẹ́ kó jáde nísàlẹ̀. Tótó jókòó sórí ìlà yẹn, ìyẹn ni pé á súnmọ́ òsì díẹ̀. Àmì ohùn lókè náà á súnmọ́ ọ̀tún. Kí àmì òkè sì tín-ín-rín ju ìlà lẹ́tà lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ á dà bí agbo tó ru ìwo jù.

Àdìjátù_Ṣómólú

Ó ti jókòó! Mo gbé e lọ sósì bí ìbú èékánná, ó jókòó. Wákàtí méjì ni mo fi ń bá a jà.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ohùn "Olówó" ńkọ́?

Àdìjátù_Ṣómólú

Mo fi sí i, Tíṣà, kí ọkàn yín balẹ̀. Mo mú ìlà àárín t, mo gé e, mo yí i. Àmì orí "Olówó" ló kọ́kọ́ fẹ́ gbé mi mì, torí ìlà kejì ló wà, ó sì ń gún tótó "Ọkọ" tó wà lókè rẹ̀. Mo ní láti ya ìlà méjèèjì sí i, kí n dín àwòrán bàbá kù díẹ̀.

Ìyẹn tún rán mi létí: ọ̀rọ̀ ìdánwò tí Kọ́là fún wa, "ẹgbẹ́", mo tẹ̀ ẹ́. Ìrù g yí lọ sí òsì lábẹ́ ẹ àkọ́kọ́, tótó ẹ sì bọ́ sínú ìrù náà bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé tótó ni.

Bàbá_Ọlọ́dà

Gé ìrù g kúrú. Àwa kì í fa ìrù g tí ẹ bá wà ṣáájú rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, àfi bí o ṣe sọ ọ́ yìí.

Agbófinró_Lẹ́tà

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ àti àdírẹ́sì ńkọ́? Ẹ má sọ fún mi pé búrọ́ọ̀ṣì náà ni.

Àdìjátù_Ṣómólú

Rárá o. Lẹ́tà tó nà ṣánṣán, tó mọ́ra, ni mo fi kọ ìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì ò kọjá ọ̀rọ̀ márùn-ún òkè yẹn. Nọ́ńbà fóònù nínú búrọ́ọ̀ṣì, 1 àti 7 á máa jọ ara wọn, wọ́n á pe ẹni tí wọn ò mọ̀.

Àdìjátù_Ṣómólú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ kan rèé, mo mú ìròyìn wá.

Mo tẹ báńnà tuntun kékeré, ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 2, mo gbé e lọ bá màdáámù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ́ tótó abẹ́ Ọ, ó ní "Ìwọ lo fi èyí síbẹ̀?" Mo ní èmi ni. Ó wọlé, ó kó owó tó kù jáde, ó kà á fún mi pé.

Mo ti ń jáde lọ ni bàbá pè mí padà láti ibi tó jókòó sí. Ó ní òun fẹ́ sítíkà fún ẹ̀yìn ọkọ̀ òun, fọ́ǹtì kan náà, kó nípọn dáadáa: "Oko Mi". Mo ní, "Dádì, ṣé kí n fi tótó sí i?" Ó ní rárá, kí n má fi nǹkan kan sí i, pé òun ra éékà mẹ́ta ní ọ̀nà Ìwó lọ́dún tó kọjá, ìyàwó òun ni kò tíì mọ̀.

Sítíkà_Peckham, Weld ni mo kọ́kọ́ máa tẹ̀ àbí Ctrl+Q?

Sítíkà_Peckham

Ctrl+Q ṣáájú. Èyí tiẹ̀ máa rọrùn, kò sí tótó tó máa já bọ́.

Bàbá_Ọlọ́dà

Gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ kan kó tó di pé ìyàwó rí i.